Ẹ̀rọ Ìfúnṣọ Bàbá Àgbà: Ìtàn Aṣọ Fífọ̀ Láti Etí Odò Ọ̀ṣun Dé Àbẹ̀rẹ̀

Ẹnikẹ́ni tó bá gba ọ̀nà Àbẹ̀rẹ̀ kọjá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yóò rí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà sẹkitéríàtì. Aṣọ wọn á mọ́, á gún régé, ojú ìlọ̀ rẹ̀ á dúró bí ìgbà tí ènìyàn fi rúlà fà á. Kò sí ẹni tí í béèrè pé ta ló fọ̀ ọ́. Èmi mọ ẹni tó fọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyá mi ni.

Alágbàfọ̀ ni ìyá mi. Ẹ̀yìn ilé wa, tí kò jìnnà sí Àbẹ̀rẹ̀, ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Kànga kan wà níbẹ̀, báàfù mẹ́rin, okùn ìsáṣọ mẹ́fà, àti tábìlì gbọọrọ tí wọ́n fi ń lọ aṣọ. Owó iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi ń rán èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún tó kọjá, ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Bí ó bá di òru, ìka wọn á kú, á wá dà bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan bi wọ́n léèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní aṣọ ni àwọn ń fọ̀. Nọ́ọ̀sì náà ní, "Mà, lílọ́ aṣọ tí ẹ ń lọ́ láti fún omi inú rẹ̀ jáde ló ń pa ọwọ́ yín lára jù. Ẹ má fún aṣọ mọ́ fún ìgbà díẹ̀."

Ṣùgbọ́n báwo ni alágbàfọ̀ kò ṣe ní fún aṣọ? Aṣọ tí a kò fún kò ní í tètè gbẹ, ẹni tó ni aṣọ kò sì ní í dúró dè é. Ìyá mi jókòó lórí àpótí ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá àgbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dìde, wọ́n wọ yàrá ẹrù lọ, wọ́n sì fa ohun kan tí wọ́n fi àpò ìrẹsì dì jáde. Ohun náà ní férémù irin, rọ́bà roboto méjì tó dùbúlẹ̀ lé ara wọn, àti ọwọ́ irin kan ní ẹ̀gbẹ́ tí a lè fi yí i. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ ìfúnṣọ nìyí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti gbé e pamọ́."

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ wọn, tí mo sì ń wá ohun kà. Ohun tí mo rí ni mo kọ sínú àròkọ yìí. Ìtàn ogun àti ti ọba ni a sábà máa ń kọ́ ní kíláàsì. Èmi rò pé aṣọ fífọ̀ náà ní ìtàn.

Kí ẹ̀rọ tó dé, odò ni ilé ìfọṣọ wa. Àwa ará Òṣogbo kò lè sọ̀rọ̀ aṣọ kí a má dárúkọ Ọ̀ṣun. Àwọn àgbà sọ fún wa pé nígbà tí Ọláròóyè àti Tìmẹ́hìn àti àwọn ènìyàn wọn ń tẹ ìlú yìí dó, wọ́n gé igi kan tó ṣubú sínú odò, wọ́n sì gbọ́ ohùn tó kígbe pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ìtàn náà fi hàn pé aró àti omi ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ìlú wa. Títí di òní, bí ènìyàn bá ra àdìrẹ tuntun ní Òṣogbo, alágbàfọ̀ tó mọ iṣẹ́ yóò yà á sọ́tọ̀, nítorí aró rẹ̀ yóò ṣàn sára aṣọ funfun. Aṣọ funfun àti àbàwọ́n kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Ọṣẹ dúdú ni wọ́n fi ń fọ aṣọ nígbà náà. Wọ́n á sun èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ di eérú, wọ́n á da omi sí eérú náà, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá sè é pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo pupa títí yóò fi di ọṣẹ. Lórí òkúta etí odò ni wọ́n ti ń gbo aṣọ. Bí ó bá di fífún, ènìyàn méjì á di aṣọ ńlá mú, ọ̀kan á lọ́ ọ sí ọ̀tún, èkejì á lọ́ ọ sí òsì. Ẹ fi ọkàn sí èyí, nítorí mo máa padà síbẹ̀. Àwọn àgbà kì í jẹ́ kí ẹnì kan fún aṣọ òkè nìkan.

Reluwé dé Òṣogbo ní 1907. Ọjà tó ń bá a wá pọ̀, ọṣẹ gígùn olóòórùn tí wọ́n ń gé tà sì wà lára rẹ̀. Ní 1923 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ West African Soap Company sílẹ̀ ní Èkó. Òun ló di Lever Brothers Nigeria ní 1955, tí a mọ̀ sí Unilever lónìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn àti àwọn akọ̀wé reluwé ń wọ kakí àti aṣọ funfun tí wọ́n fi sítáàṣì sí. Aṣọ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fọ̀ lódò kí a sì ká a sí apẹ̀rẹ̀ lásán. Ó fẹ́ búlúù kí funfun rẹ̀ lè dán, ó fẹ́ sítáàṣì tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe kí ó lè le, ó sì fẹ́ áyọ́ọ̀nù eléèédú. Bí iṣẹ́ alágbàfọ̀ ṣe di iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń kọ́ nìyẹn, tí wọ́n sì ń gba owó lórí rẹ̀. Nínú ilé, àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin ṣì ń fọ tiwọn láìgba kọ́bọ̀.

Ọmọ Iléṣà ni bàbá àgbà. Òṣómàáló ni bàbá tiwọn. Gbogbo wa mọ ìtàn àwọn oníṣòwò aṣọ ará Ìjẹ̀ṣà yìí, tí wọ́n ń tà láwìn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n sì ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi gba owó wọn. Bàbá àgbà kò fẹ́ràn gbèsè bíbéèrè. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín pé, "Bàbá mi ń tà á, èmi ń fọ̀ ọ́. Owó tèmi kò jẹ́ kí n lóṣòó, nítorí aṣọ oníbàárà wà lọ́wọ́ mi." Ọ̀dọ́ ni wọ́n nígbà tí wọ́n wá sí Òṣogbo láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá alágbàfọ̀ kan.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wọn jẹ́ olùkọ́ tó lọ kàwé ní Ìlú Ọba. Nígbà tí ó ń bọ̀ wálé, ó kó ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀rọ ìfọṣọ kan sì wà lára rẹ̀. Iná mànàmáná ló ń yí omi àti aṣọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí rọ́bà méjì tó wà lókè rẹ̀ láti fún aṣọ. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ti pa rẹ́, nítorí náà n kò lè sọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Irú rẹ̀ wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ní October 1948, ilé-iṣẹ́ Hoover ṣí ilé ìṣẹ̀dá kan sí ìlú Merthyr Tydfil ní Wales, ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ní ìfúnṣọ ọlọ́wọ́ báyìí sì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Mọ́tò ti olùkọ́ yìí jóná lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kò sì sí ẹni tó rí òmíràn fi rọ́pò rẹ̀. Ó fẹ́ dà á nù. Bàbá àgbà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún àwọn. Wọ́n tú ìfúnṣọ orí rẹ̀, wọ́n ní kí wẹ́dà kan ṣe ẹsẹ̀ irin fún un, wọ́n sì dè é mọ́ pákó lórí báàfù. Ó bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí rọ́bà rẹ̀ fi sán.

Ìgbà tí mo ń ka ìtàn ẹ̀rọ yìí ni mo pàdé obìnrin kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ellen Eglin ni orúkọ rẹ̀, obìnrin adúláwọ̀ tó ń gbé ní Washington ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan ti ṣe ìfúnṣọ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ ṣe ọ̀kan. Ní 1888, ó ta ìmọ̀ náà fún ẹnì kan ní dọ́là 18 péré. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí tó fi ta á lọ́pọ̀, ó dáhùn pé bí àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun bá mọ̀ pé adúláwọ̀ ló ṣe é, wọn kò ní í rà á. Ẹni tó rà á jèrè rẹ̀. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì lọ kà á fún ìyá mi ní ẹ̀yìn ilé. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Dọ́là méjìdínlógún! Ó mà ṣe o."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà bẹ́ẹ̀. Ní July 1881, ní ìlú Atlanta, àwọn obìnrin adúláwọ̀ tí ń fọ aṣọ fún àwọn aláwọ̀ funfun da iṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún 16 péré ni òwò ẹrú fi parí ní ilẹ̀ náà. Bí 20 ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti tó 3,000. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí owó iṣẹ́ àwọn gbé pẹ́ẹ́lí, kí ó sì jẹ́ iye kan náà níbi gbogbo. Wọ́n mọ̀ pé ìlú tí kò rí aṣọ mímọ́ wọ̀ kò lè pẹ́ kó tó gbọ́ ohùn àwọn.

Lẹ́yìn èyí ni iná mànàmáná wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní 1910, Alva Fisher gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ oníná kan ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ Maytag ní ìpínlẹ̀ Iowa ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ní ìfúnṣọ lórí, 1983 ni wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Níbi tí kò sí iná, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń mu pẹtiróòlù sí abẹ́ ẹ̀rọ náà fún àwọn àgbẹ̀. Nígbà tí mo kà á, mo rántí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour". Títí di òní, àwọn ẹlẹ́sìn Amish ní Amẹ́ríkà, tí wọn kì í fa iná ìjọba wọ ilé, ṣì ń lo ẹ̀rọ ìfúnṣọ, wọ́n sì ń tún un ṣe fúnra wọn.

Ẹ̀rọ náà ní ewu tirẹ̀. Bí iná bá ń yí rọ́bà méjì náà, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín aṣọ àti ọwọ́. Ó fa ìka àti apá ọ̀pọ̀ ènìyàn wọlé, àwọn ọmọdé pàápàá, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi sọ ọgbẹ́ náà lórúkọ. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi irin kan sí òkè rẹ̀ tí ènìyàn lè gbá lójijì kí rọ́bà méjèèjì yà kúrò lára ara wọn. Ti bàbá àgbà kò burú tó bẹ́ẹ̀, nítorí ọwọ́ ni a fi ń yí i. Bí ẹni tó ń yí i bá dúró, òun náà á dúró.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí a ṣe tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó gbà wá, ọjọ́ Àbámẹ́ta sí ọjọ́ Àbámẹ́ta.

A kọ́kọ́ tú gbogbo rẹ̀. Mo fi kẹrosíìnì fọ ìpẹtà ara sípíríǹgì àti ara eyín irin tó ń mú kí rọ́bà kejì yí. Rọ́bà òkè ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá àgbà fi ọwọ́ kàn án, wọ́n ní, "Ẹ̀bi mi nìyí. Mi ò tú ìdè òkè rẹ̀ nígbà tí mo gbé e pamọ́." Ìgbà yẹn ni mo kọ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ìdè kan wà lórí ẹ̀rọ náà tó ń tẹ sípíríǹgì kí rọ́bà méjì lè fún ara wọn mọ́ra. Bí a bá ti parí iṣẹ́, a gbọ́dọ̀ tú u. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà tó ń tẹ ara wọn lójú kan náà lójoojúmọ́ kò ní í rí roboto mọ́.

A kò rí irú rọ́bà náà rà. Bàbá àgbà ní kí a lọ bá fọkanáísà tó wà ní ojú títì. Ó gé túùbù ọkọ̀ àtijọ́ fún wa, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara rọ́bà tó sán. Nígbà tí a gbìyànjú rẹ̀, túùbù náà yọ̀ bọ́ bí awọ ejò. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì, a ha gbogbo rọ́bà àtijọ́ kúrò títí a fi kan irin. Mo fi sáńpépà ha irin náà kó lè rí páraṣà, a jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ díẹ̀ kí a tó wọ túùbù sí i, a sì wọ̀ ọ́ ní ìpele mẹ́ta, kí ó le dáadáa. Èyí dúró.

Ó ku igi tí irin inú rọ́bà ń yí lé lórí ní ọ̀tún àti òsì. Ó ti jẹ, ihò rẹ̀ ti fẹ̀. Káfíńtà àdúgbò wa gbẹ́ tuntun láti ara igi ayán, bàbá àgbà sì rẹ ẹ́ sínú òróró mọ́jú kí wọ́n tó tò ó. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé kí n fi gírísì sára eyín irin, ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kí òróró kan rọ́bà, nítorí òróró ń ba rọ́bà jẹ́. Ọṣẹ àti omi nìkan ni wọ́n fi ń nu rọ́bà.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lò ó, mo ṣe àṣìṣe. Mo ti ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan sí i bí ó ṣe wà, bọ́tìnnì márùn-ún sì fọ́ wẹ́wẹ́. Ìyá mi fi ọwọ́ lérí. Bàbá àgbà kò bínú. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ kò lójú, Àbẹ̀kẹ́. Ojú tìrẹ ni yóò máa lò." Wọ́n kọ́ mi pé kí n yí bọ́tìnnì sí inú kí aṣọ bò ó, kí n ká aṣọ pẹrẹsẹ, kí n má dì í ní òṣùká, kí n sì so etí gèlè tàbí ìró mi mọ́ra kí n tó sún mọ́ ọn. Mo fi owó tí mo tọ́jú ra bọ́tìnnì mìíràn, mo sì rán an padà fúnra mi.

Lẹ́yìn náà ni a rí èrè rẹ̀. Mo mú sòkòtò jíǹsì méjì, mo fi ọwọ́ fún ọ̀kan pẹ̀lú gbogbo agbára mi, èkejì gba àárín rọ́bà kọjá. Èyí tí mo fi ọwọ́ fún ń kán omi sílẹ̀ lórí okùn fún ìgbà pípẹ́. Èkejì kò kán rárá. Omi tó sì jáde lára rẹ̀ padà sínú báàfù, a tún fi fọ aṣọ tó tẹ̀ lé e. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kànga wa máa ń lọ sílẹ̀, nǹkan ńlá nìyẹn.

Àwọn kan lè bi mí pé, "Kí ló dé tí ẹ kò ra ẹ̀rọ ìgbàlódé?" Owó rẹ̀ kọ́kọ́ ga jù wá lọ. Èkejì ni ọ̀rọ̀ iná. Ó jẹ́ ìyàlẹ́nu pé ní ìlú Òṣogbo wa níbí ni ilé-iṣẹ́ tó ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, tí à ń pè ní National Control Centre, síbẹ̀ alágbàfọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀ kò lè fi ọkàn sí i pé iná yóò wà títí aṣọ yóò fi mọ́. Ẹ̀rọ bàbá àgbà kò dúró de iná.

Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ kò sí nínú irin tàbí rọ́bà. Ènìyàn méjì ni ẹ̀rọ náà ń fẹ́. Ẹnì kan á máa ti aṣọ sí i, ẹnì kejì á máa yí i. Kí ó tó dé, èmi nìkan ni mo máa ń ran ìyá mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi á lọ gbá bọ́ọ̀lù. Kò sí ẹni tó ṣe òfin náà, bí a ṣe bá a nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tí a tún ẹ̀rọ náà ṣe tán, bàbá àgbà pe ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fi ọwọ́ rẹ̀ lé irin ìyí náà, wọ́n ní, "Ọkùnrin ni mí, aṣọ ni mo fi tọ́ bàbá rẹ. Yí i." Ó yí i. Ó ṣì ń yí i di òní, bọ́ọ̀lù ti di ìrọ̀lẹ́. Mo wá rántí àwọn tó ń lọ́ aṣọ òkè létí odò, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́.

Ọwọ́ ìyá mi kò tíì san tán. Wọ́n ṣì máa ń fi nǹkan gbígbóná jó o lálẹ́. Ṣùgbọ́n ìka wọn kì í kú lóru mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, oníbàárà kankan kò sì kúrò lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n san owó ilé-ẹ̀kọ́ wa fún táàmù yìí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé yín nípa iṣẹ́ tí wọ́n ṣe àti irinṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó pẹ́. Ẹni tó ra ìmọ̀ Ellen Eglin jèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹnì kan kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ ni èmi, ọmọ alágbàfọ̀ ní Àbẹ̀rẹ̀, ṣe mọ orúkọ rẹ̀. Èmi náà ti ra ìwé kan. Mo ti ya àwòrán ẹ̀rọ náà sí ojú ewé àkọ́kọ́, mo sì ń kọ ohun tí bàbá àgbà mọ̀ nípa aṣọ sínú rẹ̀. A ti dé orí sítáàṣì báyìí.